Bí a ṣe ń kọ́ ẹni tuntun láti mòòkùn pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́

Ìlera akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ bi í. Ṣé ó ní ikọ́ fée? Ṣé wárápá máa ń gbé e? Ṣé etí máa ń dùn ún? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ó rí dókítà ná. Lẹ́yìn èyí, kí ó lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà, kí ó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10. Ohun tí PADI, àjọ kan tó ń fún àwọn tó ń mòòkùn ní ìwé ẹ̀rí, ń béèrè fún ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò pọn dandan kí ó yára.

Òfin kìíní: a kì í sé èémí lábẹ́ omi. Ẹ má kàn fẹnu sọ ọ́, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ dojú ike omi tó ṣófo délẹ̀, kí ẹ rì í lọ sísàlẹ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Wọn yóò rí omi tó ń gun inú ike náà. Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀ lókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tún fẹ̀. Ní mítà 10 sísàlẹ̀ omi, ìdajì àyè tí afẹ́fẹ́ náà gbà lókè ló máa ń kù. Ẹni tó bá mí kanlẹ̀ níbẹ̀, tó wá sé èémí gòkè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ya.

Inú adágún ni kí ẹ ti pẹ́ jù, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tólẹ̀. Omi tó ń wọ inú awò ojú, èyí tó bo ojú àti imú, ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí imú ni wọ́n fi ń mí láti kékeré. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n bọ́ awò náà, kí wọ́n dojú bomi, kí wọ́n máa fẹnu mí láti inú sìlíńdà fún ìṣẹ́jú kan. Bí ara wọn bá balẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi díẹ̀ wọ inú awò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ òkè awò mọ́ iwájú orí, kí ó gbójú sókè díẹ̀, kí ó wá rọra fi imú fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde. Omi á gba ìsàlẹ̀ jáde. Ẹ tún un ṣe títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní gbọ̀n mọ́.

Èmi kò fara mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kúnlẹ̀ ṣe gbogbo èyí. Ẹ tètè kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró láàárín omi, láìrì, láìléfòó, torí nínú òkun, orúnkún rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni yóò mòòkùn lókun, kò sì gbọdọ̀ kọjá mítà 18. Bí ó ti ń lọ sílẹ̀, kí ó máa di imú mú, kí ó rọra fẹ́ ẹ kí etí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bí etí bá kọ̀, ẹ gòkè díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lókè, ẹ má yára ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5. Bí ó bá na àtàǹpàkò sókè nígbàkígbà, ó fẹ́ jáde nìyẹn. Ẹ bá a jáde. Ó di òkè kí ẹ tó bi í ní ìdí.