Bẹ́ ẹ ṣe lè fi Arduino ṣe àláàmù tó máa ké kí omi táńkì tó kún dànù

Màmá kan tó ń gbé ilé kejì sí wa ló ń bá wa ṣọ́ táńkì tẹ́lẹ̀. A máa tan pọ́ńpù, a máa wọlé lọ jókòó, a máa gbàgbé pátápátá, ó di ìgbà tí màmá bá ń pariwo lójú fèrèsé pé "ẹ ò rí i pómi yín ń dà ni?" ká tó sáré jáde. Lọ́jọ́ kan wọ́n rìnrìn àjò. Omi dà láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ̀yìnkùlé di ẹrẹ̀, iná mítà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jó lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́, táńkì yìí á kọ́ bó ṣe máa pariwo fúnra ẹ̀.

Kò gba kéèyàn jẹ́ ẹnjiníà o. Ṣá ti mọ skrúdíráfà lò, kó o sì ní láptọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Àkọ́kọ́ ni Arduino Uno. Bọ́ọ̀dù kékeré tí ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni, tó ń ṣe ohun tẹ́ ẹ bá fi kóòdù ní kó ṣe, ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2005, wọn ò sì fi àwòrán ẹ̀ pamọ́, ẹni tó bá wù ló lè ṣe irú ẹ̀ tà, ìdí nìyẹn tá a fi ń rí èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà rà lówó pọ́ọ́kú. Àwọn kan á sọ pé kẹ́ ẹ lo Raspberry Pi, ẹ má dá wọn lóhùn. Kọ̀ǹpútà gidi nìyẹn, inú mẹ́mórì káàdì ló ń kó gbogbo nǹkan ẹ̀ sí, tíná bá já lójijì níbi tó ti ń kọ nǹkan sórí káàdì, káàdì lè bà jẹ́, ẹ sì mọ bíná ṣe ń já ládùúgbò wa. Arduino ní tiẹ̀, ẹ yọná ẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún lóòjọ́, tíná bá ti dé báyìí, iṣẹ́ yá.

Ìkejì ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn omi, orúkọ tẹ́ ẹ máa bi wọ́n ni JSN-SR04T. Ojú ẹ̀ dá wà lẹ́nu wáyà tó gùn tó mítà méjì ààbọ̀, omi ò sì lè wọ ojú yẹn. Wọ́n máa fi HC-SR04 hàn yín, èyí tó ní ojú méjì bíi ti òwìwí, owó ẹ̀ kéré sí i. Òun ni mo kọ́kọ́ rà, ahun ló kó bá mi. Oru inú táńkì ń kó sí i lójú, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi dípẹtà, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé táńkì kún nígbà tí kò sí ẹ̀kán omi kan ńbẹ̀.

Ẹ ra buzzer kékeré 5V, ìyẹn ohun tó máa ké, ẹ sọ pé active lẹ fẹ́, èyí tó máa ń dún fúnra ẹ̀ tíná bá ti kàn án. Ẹ ra adáptọ̀ 9V, irú èyí tí ráútà ń lò, tó ní ẹnu róbótó tó wọ Arduino. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, tó máa gùn láti ìdí táńkì dé pálọ̀. Ti pé kẹ́ ẹ ra àpótí tẹ́ ẹ máa kó bọ́ọ̀dù sí, ẹ fowó yín pamọ́ jàre, ike áísíkrímù ti tó, ṣé ilé kan wà tí ò sí ike áísíkrímù tí wọ́n rọ ẹ̀gúsí sí?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ ti dúró síwájú òkè pariwo rí, kóhùn yín padà wá bá yín? Òun náà nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ á ju ohùn kan sílẹ̀ tétí èèyàn ò lè gbọ́, ohùn á lọ gbá ojú omi, á padà wá, Arduino á ka iye àkókò tó lò. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 0.0343 sẹ̀ńtímítà ní máíkírò-sẹ́kọ́ńdì kan (tẹ́ ẹ bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú ẹ̀ nìyẹn), ẹ wá pín in sí méjì torí àlọ àtàbọ̀ ni. Tó bá lo máíkírò-sẹ́kọ́ńdì 5800, omi fi díẹ̀ dín ní mítà kan jìn sí i nìyẹn.

Ẹ so wáyà

Ẹ yọ gbogbo iná kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sẹ́ńsọ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò Arduino: 5V sẹ́ńsọ̀ lọ sí 5V Arduino, GND sí GND, Trig sí 9, Echo sí 10. Ẹsẹ̀ buzzer tó ní àmì + lọ sí 8, èkejì sí GND. Ó parí.

Kóòdù

Ẹ wa Arduino IDE sórí láptọ́ọ̀pù, òun lẹ máa fi kọ kóòdù ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ wá kọ èyí síbẹ̀:

```
int tirig = 9, eko = 10, buza = 8;

void setup() {
  pinMode(tirig, OUTPUT);
  pinMode(eko, INPUT);
  pinMode(buza, OUTPUT);
  Serial.begin(9600);
}

void loop() {
  digitalWrite(tirig, LOW);
  delayMicroseconds(5);
  digitalWrite(tirig, HIGH);
  delayMicroseconds(20);
  digitalWrite(tirig, LOW);
  long akoko = pulseIn(eko, HIGH, 40000);
  float jijina = akoko * 0.0343 / 2;
  Serial.println(jijina);
  if (jijina > 0 && jijina < 30) digitalWrite(buza, HIGH);
  else digitalWrite(buza, LOW);
  delay(500);
}
```

Tí láptọ́ọ̀pù bá lóun ò rí bọ́ọ̀dù, ẹ má tíì bínú sẹ́ni tó tà á. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ kébù, torí kébù míì wà tó jẹ́ iná nìkan ló ń gbé, kì í gbé ọ̀rọ̀ (odindi ọ̀sán kan ni mo fi jìyà èyí). Tó bá ṣì kọ̀, ẹ wo ara bọ́ọ̀dù bóyá wọ́n kọ CH340 (ṣíìpù tó ń bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀) sára ẹ̀, tó bá wà ńbẹ̀, ẹ wá dráfà CH340, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù dá ṣíìpù yẹn mọ̀, fi sórí láptọ́ọ̀pù.

Ẹ má fi korobá dán an wò o, sẹ́ńsọ̀ yìí kì í ríran tí nǹkan bá ti sún mọ́ ọn ju sẹ̀ńtímítà 25 lọ. Ògiri ni kẹ́ ẹ kọ ojú ẹ̀ sí, ẹ fi téèpù wọn 50, ẹ wọn 100, kẹ́ ẹ ṣí Serial Monitor nínú Arduino IDE, níbi tí nọ́ńbà ti ń jáde, wò bóyá ó ń pe nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn.

Gbígbé e gun táńkì

Ọmọrí táńkì lẹ máa lu, ẹ má lu táńkì fúnra ẹ̀. Ihò kan péré ni, kó gba ojú sẹ́ńsọ̀ wẹ́kú, kó kọjú sísàlẹ̀ gan-an láìfì, kó sì jìnnà sí ẹnu páìpù tómi ń gbà wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi tó ń já bọ́ ló máa máa wọ̀n fún yín. Torí 25 tí mo sọ yẹn náà ni mo ṣe kọ 30 sínú kóòdù: ẹ má jẹ́ kómi súnmọ́ sẹ́ńsọ̀ jù kó tó ké, torí tómi bá ti wọ ibi tí kì í ríran, á máa pe nọ́ńbà wérewère, ó sì lè dákẹ́ nígbà tó yẹ kó pariwo jù. Bẹ́ẹ̀ ni, omi díẹ̀ ò ní wọ táńkì mọ́. Mo fara mọ́ ọn.

Ike áísíkrímù tí bọ́ọ̀dù wà nínú ẹ̀, ẹ so ó mọ́ ìdí táńkì níbi tí òjò ò ti lè pa á. Ẹ má fa wáyà sẹ́ńsọ̀ gùn sí i, ẹ jẹ́ kóun kúrú. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ máa fi gbé iná 9V wá látinú ilé, òun náà lẹ máa fi gbé buzzer padà sí pálọ̀, ó ní wáyà mẹ́jọ nínú, ó ṣẹ́kù gan-an.

Ibi tí mo wá ti jìyà nìyí. Táńkì kún, mo paná pọ́ńpù, àmọ́ buzzer ò dákẹ́, torí omi ṣì wà lókè! Ìyàwó mi ní kí n lọ kó nǹkan mi kúrò ńbẹ̀. Mo ti fẹ́ máa kọ kóòdù jàgàjàgà láti yanjú ẹ̀ kí ojú mi tó là: ẹ ki adáptọ̀ bọ ojú iná tó jẹ́ pé suíṣì pọ́ńpù ló ń tàn án. Ẹ tan pọ́ńpù, àláàmù jí. Ẹ pa pọ́ńpù, àláàmù sùn. Kò nílò bàtìrì, kò nílò páwà báǹkì, nígbà tíná ò bá sí, pọ́ńpù ò lè fa omi náà ṣáà. Oníná ni kẹ́ ẹ pè wá ṣe apá yìí o.

Ẹnì kan á béèrè pé ṣé kò lè máa pa pọ́ńpù fúnra ẹ̀ ni. Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ríléè kékeré (suíṣì tí Arduino lè tàn, kó sì pa) tí wọ́n ń tà pẹ̀lú Arduino ò ní lè gbé e, iná tí pọ́ńpù ń fà nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra pọ̀ ju èyí tó ń fà tó bá ti ń yí lọ, ẹnu ríléè lè jó lẹ̀ pọ̀, pọ́ńpù ò sì ní kú mọ́ láé. Contactor, ìyẹn ríléè ńlá, ló máa gbé e, ìyẹn ń bẹ lọ́wọ́ oníná.

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má tíì fọkàn tán an. Ẹ gbé àga síta, ẹ jókòó ti táńkì kẹ́ ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ kó ké lẹ́ẹ̀kan. Tèmi ké ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, màmá ilé kejì ṣí fèrèsé, wọ́n ní kí ló ń dún bí ẹyẹ níbẹ̀ yẹn.