Kí Lógò Má Baà Sọnù Nínú Iṣẹ́ After Effects

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwa tí a jọ ń lo àwòrán àti ohùn kan náà. Fáìlì .aep, tí After Effects (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń dárà sí fídíò) ń tọ́jú iṣẹ́ sí, kì í gbé fídíò tàbí lógò sínú ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n wà nìkan ni ó ń rántí. Bí ẹnìkan bá yí orúkọ fódà padà, ìlà aláràbarà ni àwọn yòókù yóò bá níbi tí lógò wà tẹ́lẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lóru, èmi fúnra mi ni mo sì yí orúkọ náà padà.

Láti ìgbà náà, fódà kan ṣoṣo ni mo ń kó ohun àjọlò sí. Bí oníbàárà bá mú lógò tuntun wá, mo máa ń fi v02 (ìyẹn ẹ̀yà kejì) parí orúkọ rẹ̀, n kì í fi í rọ́pò ti àtijọ́, nítorí iṣẹ́ ọdún tó kọjá ṣì ń wá a.

Bí iṣẹ́ bá parí, mo máa ń kọ́kọ́ lo Consolidate All Footage kí àwọn ẹ̀dà tó jọra lè di ọ̀kan, kí n tó lo Collect Files, tí yóò ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà lò sínú fódà kan, tí yóò sì kọ ìwé ìjábọ̀ tì í. Orúkọ fọ́ǹtì wà nínú ìwé náà. Fáìlì fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kó kún un, bí àṣẹ ìlò rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn.