Bí A Ṣe Ń Lo "Rip Off" Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí elédè Gẹ̀ẹ́sì bá ní ẹnìkan "rip off" òun, ohun tí ó ń sọ ni pé onítọ̀hún rẹ́ òun jẹ, pàápàá nípa gbígba owó tí ó ju iye tí ọjà tó lọ. Bí awakọ̀ takisí kan ní Lọ́ńdọ́nù bá gba ìlọ́po méjì owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ lè wí pé: "The driver ripped me off."

Ibi tí ó gba ìṣọ́ra jù lọ ni ipò ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Àárín ni "me", "him" tàbí "them" gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà "ripped off me" kò tọ̀nà rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "they rip tourists off" àti "they rip off tourists" ni wọ́n jọ tọ̀nà. Bí a bá fi àmì ìsopọ̀ sí i, òun fúnra rẹ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ: "What a rip-off!"

Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ yìí, ó sì le létí. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí báńkì. "Overcharge", tí ó túmọ̀ sí kí a gba owó jù lọ́wọ́ ẹni, ni ó yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀.