Bí mo ṣe gbé abẹ́rẹ́ màmá mi láti Ìlọrin dé Òmù-Àrán

Adalimumab ni dókítà kọ fún màmá mi nítorí làkúrègbé tó ti ń wọ́ ìka ọwọ́ wọn, 40 milligram lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kì í ṣe oògùn téèyàn ń jù sápò o. Purotéènì ni, ẹ rò ó bí ẹyin: téèyàn bá gbé e mì ikùn á dà á bí ẹni da ẹ̀wà, ìdí nìyẹn tí ò fi sí oníhóró ẹ̀, ooru á bà á jẹ́, tó bá sì dì bíi yìnyín ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà kó yọ́ padà.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ ṣàṣìṣe. Mo ti ra yìnyín ní Gàréèjì Ọ̀fà, mo fẹ́ kì í sáàárín ẹ̀ bí ẹni gbé ẹja tútù, kí n tó rántí ohun tí ìyá fámásì yẹn sọ: 2 sí 8 degree, kò gbọdọ̀ kan yìnyín. Mo bá fi táwẹ̀lì wé e tòun ti páálí ẹ̀, mo gbé kúlà lé itan títí a fi kọjá Ìdófìàn àti Àjàsẹ́, dẹ́rẹ́bà ń bi mí ṣé mínírà ni mò ń tà.

Nílé, màmá ní, "Kí ló fẹ́ lọ ṣe nínú ara mi gan-an?" Mo ní, sójà ara yín ló ń bá oríkèé yín jà, olófòófó kan ló ń gbé ọ̀rọ̀ ìjà yẹn kiri, TNF lorúkọ ẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí á rọ̀ mọ́ ọn kó má baà rí ọ̀rọ̀ jíṣẹ́. Wọ́n ní ká wá irú ẹ̀ fún àdúgbò wa. Àmọ́ olófòófó yìí náà ló ń kó sójà jọ tó ń ti ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́lé nínú ẹ̀dọ̀fóró, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ yẹ TB wò (èmi rò pé owó ni wọ́n ń wá).

"Mab" tó gbẹ̀yìn orúkọ ẹ̀ dà bí Ayàn lórúkọ onílù, ilé tó ti wá ló ń sọ: ilé "monoclonal antibody", àwọn purotéènì tí wọ́n ṣe láti rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo nínú ara. Ọmọ ilé yẹn ni basiliximab tí wọ́n ń fún ẹni tó gba kíndìnrín ẹlòmíì, 20 milligram lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, 20 míì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, kí sójà má baà lé àlejò. Àkọ́bí wọn, ti 1986, ara èkúté ni wọ́n ti mú un, ara èèyàn wá ń bá oògùn fúnra ẹ̀ jà.

Mo yọ ọ́ nínú fíríìjì, mo dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ìtutù ẹ̀ má baà ta wọ́n, mo fọwọ́, mo fi spirit nu itan ọ̀tún, mo gún un.

"Ó ti tán?"

Ó ti tán, màmá. Itan òsì ló kàn.