Bí mo ṣe bá ọ̀rinrin jà nínú yàrá wa ní Kàbà

Ní oṣù keje ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú agbádá òfì mi, mo sì bá a tó ti bu. A wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò láyè rẹ̀, a sì rí i pé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti dúdú láti ilẹ̀ títí dé ìbàdí mi. Mo rò pé páànù ló ń jò, ṣùgbọ́n ẹni tí mo sanwó fún pé kó gun òrùlé kò rí ihò kankan. Mo wá fi ọ̀dà tuntun bo ògiri náà. Kí oṣù tó parí, dúdú náà ti yọ padà. Owó méjèèjì yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ní kí n ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Kí n tó gbà á gbọ́, mo dán an wò: mo bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, mo fi omi díẹ̀ rin ín títí ó fi dà bí yanrìn tútù, mo sì di òun àti ẹ̀rọ náà pọ̀ sínú ọ̀rá di ọjọ́ kejì. Níbi tí irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà, ọ̀rinrin máa ń dúró sí nǹkan bí ìdá 75 nínú 100. Ẹ̀rọ tèmi kà 72, nítorí náà mo ń fi 3 kún iye tó bá sọ.

Láàárín yàrá, ó jẹ́ 74. Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, 88. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Afẹ́fẹ́ tútù kì í lè gbé omi tó ti afẹ́fẹ́ gbígbóná, ògiri tí òjò ń nà, tí afẹ́fẹ́ kò sì ráyè kọjá lára rẹ̀, a sì máa tutù ju ibi yòókù lọ. Láàárín 30 sí 50 ni ara ti máa ń tù wá. Bí ó bá ń ju 60 lọ fún ìgbà pípẹ́, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í bu.

Bírìkìlà kan, ará Ìjùmú, wá yẹ ẹ̀yìn ilé wò. Bó ṣe kí mi ní “Ọ̀kún o” tán, ilẹ̀ ló tẹjú mọ́, kì í ṣe ògiri. Erùpẹ̀ tí a kó jọ síbẹ̀ ti ga ju ìpìlẹ̀ lọ, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sì ń dà lé e lórí. A kó o kúrò, a sì la gọ́tà tí omi yóò máa gbà lọ.

Ti inú ilé ló le jù, nítorí àṣà wa ni. Inú yàrá ni a máa ń sá aṣọ sí ní gbogbo àsìkò òjò. Omi tó ń gbẹ lára aṣọ, ibo ni yóò lọ bí kò ṣe ara ògiri? Mo kó okùn aṣọ lọ sí abẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé. Mo fi ọṣẹ fọ ògiri, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí n tó kùn ún, mo sì fi àlàfo sílẹ̀ láàárín òun àti kọ́bọ́ọ̀dù. Fèrèsé di ohun tí a ń ṣí nígbà tí oòrùn bá yọ, tí a sì ń tì bí òjò bá dé, nítorí 93 ni ẹ̀rọ náà kà níta lọ́jọ́ òjò. Èédú tí aládùúgbò ní kí n gbé sí igun yàrá kò yí nǹkan kan padà.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi parí, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti wálẹ̀ sí 63. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ dé, iye náà já sí 21, ètè wa ń là, imú àbíkẹ́yìn wa sì ṣẹ̀jẹ̀. Mo rin táwẹ́ẹ̀lì méjì, mo fi wọ́n kọ́ sínú yàrá lálẹ́. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. “Bàbá Bọ́sẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ní ká má sá aṣọ síbí mọ́?”