Bí Mo Ṣe Rí Ajá Mi Tó Sọnù ní Kubwa, l'Abuja

Àrá ló lé Bingo jáde. Ó sán gbàrà, ajá fo fẹ́ǹsì, ó di àwátì. Ìyá àdúgbò wa ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àrá ló gbọ́ o, kì í ṣe fèrè."

Nígbà tójò dá, mo tẹ́ aṣọ tí mo wọ̀ sùn sẹ́nu géètì, mo gbé omi tì í, torí òórùn olówó ẹ̀ lajá máa ń tọ̀. Mo wá fi fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò: akọ ajá dúdú, bẹ́líìtì pupa lọ́rùn. Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lẹ́yìn ní funfun. Ẹ má sọ gbogbo àmì ajá yín tán! Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi pè láti Mararaba, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, pé ajá wà lọ́wọ́ òun, kí n fowó mọ́tò ránṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ wo ló ní funfun?" Ó ní ti iwájú. Mo dúpẹ́, mo pa fóònù.

Fóònù kọ́ ló ń bá èèyàn rí ajá níbí. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni: mai ruwa tó ń ti ọmọlanke omi, àwọn tó ń ṣa ike àti irin, àwọn mégáàdì. Ìdájí ni mo ń lọ bá wọn, kí ariwo ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, torí ajá tẹ́rù bà máa ń sá pamọ́ lọ́sàn-án. Mo ń fi Hausa mi tí kò gún bèèrè: "Don Allah, ka ga baƙin kare?" (Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ajá dúdú?) Kíké orúkọ ò wúlò. Ajá tó ń jẹ́ Bingo pọ̀ ní Kubwa bí erùpẹ̀, tàwọn ẹlòmíì ló ń jẹ́ mi.

Mai ruwa kan ló mú mi dé ẹ̀yìn ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Bingo wà lábẹ́ páákó, ó ń gbọ̀n. Mi ò sáré tọ̀ ọ́; ajá tí jìnnìjìnnì bá lè sá fún olówó ẹ̀, ó tilẹ̀ lè gé e jẹ. Mo jókòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, mo ju ẹja gbígbẹ síwájú. Ó fàyà wọ́ wá díẹ̀díẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ mi, ló bá ń jùrù.

Dókítà ẹranko já eégbọn létí rẹ̀, ó rí ojú ìgéjẹ ní itan. Ó tún gún un lábẹ́rẹ́ digbòlugi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbà á lọ́dún yìí.

Mai ruwa gba owó tí mo ṣèlérí, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí Bingo ṣe fẹ́ fimú kàn án, ó fò sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ lọ kírun.