Bí A Ṣe Lè Fi Rìsíìtì Méjì Mọ Iye Ọjà Kọ̀ọ̀kan

Ọ̀pọ̀ rìsíìtì kì í sọ iye ọjà kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ owó nìkan ló ń wà níbẹ̀. Tí àgbẹ̀ tó ra irúgbìn àti ajílẹ̀ pọ̀ bá wá fẹ́ mọ iye tí àpò ajílẹ̀ kan jẹ́, àwọn kan á ní kó pín gbogbo owó sí iye àpò tó rà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Irúgbìn ọ̀tọ̀, ajílẹ̀ ọ̀tọ̀. Èsì yẹn kò ní bá ọ̀kankan nínú wọn mu.

Rìsíìtì méjì ni kí ẹ wá. Ká ní ẹ kọ́kọ́ ra àpò irúgbìn 3 àti àpò ajílẹ̀ 2, owó rẹ̀ jẹ́ 46. Nígbà kejì, irúgbìn 2 àti ajílẹ̀ 5 jẹ́ 71. Ẹ fi R dúró fún iye àpò irúgbìn kan, kí J dúró fún ti ajílẹ̀:

3R + 2J = 46
2R + 5J = 71

Ẹ jẹ́ ká lé ọ̀kan nínú wọn lọ ná. Ẹ fi 2 sọ gbogbo ìlà àkọ́kọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 3 ṣe ìkejì, irúgbìn á sì di 6 nínú méjèèjì:

6R + 4J = 92
6R + 15J = 213

Ẹ yọ ti òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀. Irúgbìn pa rẹ́, ó ku 11J = 121. Àpò ajílẹ̀ kan jẹ́ 11. Ajílẹ̀ 2 inú rìsíìtì àkọ́kọ́ gba 22 nínú 46. 24 tó kù ni ti irúgbìn 3, ìyẹn 8 fún àpò kan. Ẹ fi rìsíìtì kejì yẹ̀ ẹ́ wò: 16 àti 55 jẹ́ 71. Ó pé.

Ká wá ní irúgbìn 6 àti ajílẹ̀ 4 ló wà nínú rìsíìtì kejì, tó jẹ́ 92. Ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lásán ni. Kò lè ràn yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ 88, a jẹ́ pé iye ọjà ti yí padà tàbí wọ́n dín owó kù fún yín. Ìṣirò yìí kò ṣeé ṣe àyàfi tí iye ọjà kò bá yí padà láàárín ìgbà méjèèjì.

Tí owó ọkọ̀ bá wà nínú àròpọ̀, tí ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́. Tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, tó sì jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo, ohun àìmọ̀ ti di mẹ́ta nìyẹn, rìsíìtì mẹ́ta lẹ máa nílò. Bákan náà la ṣe ń yanjú rẹ̀: ní Ṣáínà, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Liu Hui ti ṣàlàyé irú rẹ̀ ní ọdún 263, lórí ìdì ọkà oríṣi mẹ́ta.